Níbi Tí Kò Sí Ẹ̀gbọ́n: Iṣẹ́ Olùdámọ̀ràn Akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì

Ọdún 2023 ni NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà, fọwọ́ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kogí tó wà ní Kàbà. Kì í ṣe pé ẹ̀kọ́ gíga ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà. Láti 1964 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti wà níbẹ̀, èyí tó wá wà lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello ti Zaria. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní 1991, nígbà tí ilẹ̀ Okun ṣì wà lábẹ́ Kwara, Ìlọrin, Zaria, Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ni àwọn ọmọ Owé, Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà ń lọ kàwé. Wọ́n ń bá èèyàn níbẹ̀. Ọmọ àdúgbò kan ti wà ní ọdún kẹta, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàṣekágbá.

Irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́ olùdámọ̀ràn láìgba kọ́bọ̀. Òun ló ń sọ fún ọmọ tuntun pé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ kì í ṣí lẹ́yìn aago méjì, pé kó tọ́jú rìsíìtì owó ilé-ìwé títí yóò fi gba ìwé-ẹ̀rí, pé ìbéèrè ọdún tó kọjá wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe fọ́tókópì lẹ́nu géètì. Ó ń parọ́ nígbà míì náà o. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ni ọmọ ti ń gbọ́ pé olùkọ́ kan wà tí kì í wo ìwé kó tó fúnni ní máàkì. Ṣùgbọ́n àti òótọ́ àti irọ́, ó kúkú ní ẹnì kan tó lè bi.

Yunifásítì tuntun dà bí ilé tí gbogbo ọmọ inú rẹ̀ jẹ́ àkọ́bí: kò sẹ́ni tó ti jẹ pàṣán ibẹ̀ rí tí yóò kìlọ̀ fún ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ilé-ẹ̀kọ́ tí kò tíì gbó nílò olùdámọ̀ràn ju èyí tó ti dàgbà lọ, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni kì í tíì ní owó àti èèyàn tó máa fi ṣe é.

Ta ni wọ́n ń pè ní olùdámọ̀ràn? Ní Nàìjíríà, ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ náà gbà pín. Olùkọ́ kan máa ń wà tí wọ́n fi ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kan, òun ni gbogbo wọn ń pè ní level adviser. Òun ló ń buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì, òun ló mọ ẹni tó gbé káríóvà. Ẹ̀ẹ̀kejì ni ẹ̀ka ìgbaninímọ̀ràn tó wà lábẹ́ ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, níbi tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ máa ń wà. Ti àkọ́kọ́ mọ ìwé ọmọ náà, ti ẹ̀ẹ̀kejì mọ ọkàn rẹ̀. Ìyà ọmọ bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọn méjèèjì kò bá ti mọ ara wọn.

Iṣẹ́ náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní 1959, àwọn arábìnrin ìjọ Kátólíìkì tó ń ṣàkóso St. Theresa's College ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, pe àwọn èèyàn láti ẹnu iṣẹ́ oríṣiríṣi pé kí wọ́n wá bá àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde ìwé sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe. Ohun tí ìwé ìtàn ìgbaninímọ̀ràn ní Nàìjíríà máa ń sọ ni pé 54 nínú 60 wọn ló rí iṣẹ́. Ìbàdàn yẹn náà ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àwọn olùdámọ̀ràn Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1976. Ẹ wò ó pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọn ò fi ìwàásù bẹ̀rẹ̀. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí, àti àwọn olùkọ́ kan pàápàá, rò pé iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ni kó pe ọmọ jókòó, kó sọ fún un pé kó rántí ọmọ ẹni tó ń ṣe. Ọmọ Okun kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ìyẹn. Bàbá ti sọ ọ́ ní gáréèjì, ìyá ti sọ ọ́ lórí fóònù, pásítọ̀ ti fi gbàdúrà. Ohun tí wọn kò lè sọ fún un, nítorí pé àwọn náà kò mọ̀ ọ́n, ni ohun tí ìwé òfin ilé-ẹ̀kọ́ wí àti ọjọ́ tí pọ́tàlì máa tì. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kan tó wọ́pọ̀ jù lọ, èyí tí kò sí yunifásítì wa kankan tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: èsì ìdánwò tó sọnù. Ká ní ọmọkùnrin kan tó wà ní ọdún kejì, láti abúlé kan ní Bùnú, kan ilẹ̀kùn.

“Ẹ káàsán, mà.”

“Káàsán, ọmọ mi. Wọlé, jókòó. Kí ló dé?”

“Èsì GST mi ni mi ò rí, mà. Mo ṣe ìdánwò ẹ̀. Àwọn olùkọ́ ló gbé ìwé mi sọnù.”

Olùdámọ̀ràn tó mọṣẹ́ kò ní dá olùkọ́ láre, kò sì ní dá a lẹ́bi. Fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì ló máa kọ́kọ́ béèrè. Ọmọ náà á tú fóònù rẹ̀, á tú àpò, á mú ìwé kan jáde tó ti ká ní etí. Obìnrin náà á fi ìka tọ orúkọ kọ́ọ̀sì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kọ́ọ̀sì mẹ́fà ló wà níbẹ̀. GST, kọ́ọ̀sì gbogboogbò tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe, kò sí.

“Ìgbà wo lo san owó ilé-ìwé?”

Ọmọ á dákẹ́. Á wo ilẹ̀.

“Bàbá mi ò tíì ta kaṣú nígbà yẹn, mà.”

Ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn. Kogí wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí kaṣú ti ń jáde jù lọ ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ bàbá ní ilẹ̀ Okun ló sì ń retí owó rẹ̀ láti sanwó ilé-ìwé. Láàárín Oṣù Kejì sí Oṣù Karùn-ún ni èso rẹ̀ máa ń já, tí àwọn tó ń rà á máa ń gbé òṣùwọ̀n wá sábúlé. Yunifásítì kò mọ ìgbà kaṣú. Ìgbà tí sáà bá wọlé ni ó ń gba owó, ẹni tí kò bá sì san kò lè forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀ lórí pọ́tàlì. Ọmọ yìí san díẹ̀, ó forúkọ kọ́ọ̀sì ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀ kí pọ́tàlì tó tì, ó ní òun máa fi GST kún un tó bá yá. Kò yá. Nígbà tí ìdánwò dé, ẹni tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn ṣàánú rẹ̀, ó jẹ́ kó fi báírò kọ orúkọ sí ìsàlẹ̀ ìwé tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ buwọ́ lù. Olùkọ́ maakì ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ìwé tí olùkọ́ ń gbé máàkì sí, orí pọ́tàlì ló ti jáde wá, orúkọ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ nìkan ló sì wà níbẹ̀. Máàkì wà, ibi tí wọ́n máa kọ ọ́ sí ni kò sí. Kò sẹ́ni tó gbé ìwé kankan sọnù.

Láti ibi yìí lọ, ẹsẹ̀ àti lẹ́tà ló kù. Ọmọ á kọ̀wé sí olórí ẹ̀ka, nípasẹ̀ level adviser rẹ̀, pé kí wọ́n gbà á láyè láti forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn àkókò. Á fi rìsíìtì owó mọ́ ọn, á kọ ọjọ́ ìdánwò àti gbọ̀ngàn tó ti ṣe é, kí wọ́n lè wá orúkọ tó fi báírò kọ. Ẹ̀dà lẹ́tà náà kan á wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ibi tó ti fi í sílẹ̀. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ní ọ́fíìsì wa, lẹ́tà tí kò ní ẹ̀dà kò tíì di kíkọ. Bí wọ́n bá gbà, ó bọ́. Bí wọ́n bá kọ̀, á tún kọ́ọ̀sì náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun, kò ní máa ṣépè fún olùkọ́ tó ti maakì ìwé rẹ̀ lóòótọ́.

Ibẹ̀ kọ́ ni olùdámọ̀ràn máa dúró. Bí kaṣú kò bá tíì já ní ìgbà owó ilé-ìwé lọ́dún yìí, kò ní já lọ́dún tó ń bọ̀ náà. Ó yẹ kó sọ fún ọmọ náà nípa owó àyálò akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí òfin rẹ̀ tuntun jáde ní Oṣù Kẹrin 2024, tí NELFUND ń pín. Owó ilé-ìwé ń lọ tààrà sí àpò ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ sì lè gba ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ àti ìnáwó. Kò ní èlé. Ìgbà tó bá ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán nínú NYSC, tí ọdún méjì kọjá, tó sì ti ríṣẹ́, ni wọ́n máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdá 10 nínú 100 owó oṣù rẹ̀. Àwọn bàbá kan kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ gbèsè sétí, olùdámọ̀ràn sì gbọ́dọ̀ ní sùúrù láti ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn lórí fóònù. Ìdí wọn kò burú. Ẹni tó ti rí bí àwọn tó ń yáni lówó èlé ṣe ń gbé àga nílé onígbèsè kò lè yára gbà pé gbèsè kan wà tí kì í kanlẹ̀kùn kí iṣẹ́ tó dé. Ohun kan sì wà tí ọmọ kò lè dá ṣe: ilé-ẹ̀kọ́ ló gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí NELFUND, kí orúkọ náà sì bá ti JAMB àti NIN mu. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá fi í ránṣẹ́, ọmọ á máa tẹ fóònù títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìṣirò CGPA, ìpíndọ́gba máàkì ọmọ, tún nìyí. Mo fẹ́ kí gbogbo olùdámọ̀ràn máa ṣe é lójú akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún kìíní, pẹ̀lú báírò àti ìwé. Ká ní ọmọ kan máa ṣe 160 yúnììtì ní ọdún mẹ́rin, 40 lọ́dún kan. A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, ó ń lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi 2.00 parí ọdún kìíní, ìyẹn ni pé àmì 80 ló ní. Bó bá fẹ́ fi two-one jáde, 3.50 ni, 560 ló gbọ́dọ̀ kó jọ. 480 ló kù tó máa kó lórí 120 yúnììtì, èyí tó jẹ́ 4.00. Ó le, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ń gba B déédéé lè bá a. Bó bá tún fi 2.00 lo ọdún kejì, 400 ló kù lórí 80. Ìyẹn 5.00, A nínú gbogbo kọ́ọ̀sì láìku ọ̀kan. Bó bá tún lo ọdún kẹta bẹ́ẹ̀, 320 ló kù lórí 40, 8.00, èyí tí kò sí lókè eèpẹ̀. Ọdún kẹrin sì ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń wá sí ọ́fíìsì pé àwọn fẹ́ múra. Ẹ̀pa ò bóró mọ́ nígbà yẹn. Ọmọ tó ní ẹ̀gbọ́n lè ti gbọ́ èyí ní họ́sítẹ̀lì ní oṣù àkọ́kọ́. Ẹni tí kò ní, olùdámọ̀ràn ló máa sọ ọ́ fún un.

Nítorí náà, kò yẹ kí olùdámọ̀ràn jókòó máa retí ẹni tó máa kanlẹ̀kùn. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Georgia ní Atlanta, Amẹ́ríkà, láti 2012 ni kọ̀ǹpútà ti ń wo àmì tó lé ní 800 lára iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ẹni tó forúkọ sí kọ́ọ̀sì tí kò kàn án, ẹni tí máàkì rẹ̀ lọ sílẹ̀ ní kọ́ọ̀sì tó ṣe pàtàkì. Bí àmì kan bá yọ, olùdámọ̀ràn ló máa pe ọmọ náà. Nínú àwọn tó wọlé síbẹ̀, nǹkan bí ìdá 32 nínú 100 ló ń parí láàárín ọdún mẹ́fà ní 2003. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí ètò yìí bẹ̀rẹ̀, ó ti lé ní ìdajì. Kàbà kò nílò kọ̀ǹpútà onímílíọ̀nù náírà kó tó ṣe irú rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi ń pe orúkọ ní kíláàsì ti tó. Òfin pé ẹni tí kò bá wá sí ìdá 75 nínú 100 kíláàsì kò gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò ti wà ní yunifásítì wa tipẹ́, ìgbà tí ìdánwò bá kù ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n sì máa ń rántí rẹ̀, láti fi lé ọmọ jáde. Bí wọ́n bá wo ìwé yẹn ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, tí wọ́n pe àwọn tí kò wá, wọ́n á rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ P.O.S. títí di òru, ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, ẹni tó ti padà sílé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ti àìsàn yẹn, gbólóhùn kan ló yẹ kí gbogbo ọmọ mọ̀ sórí: ìwé dókítà tí yunifásítì ń gbà ni èyí tó ti ọwọ́ ilé ìwòsàn ilé-ẹ̀kọ́ kọjá, ọjọ́ tí àìsàn ń lọ lọ́wọ́ ni wọ́n sì ń gbà á. Ọmọ tí ibà mú nílé ìyá rẹ̀ ní Ìyàrá, tó mu àgbo, tí ara rẹ̀ yá, tó wá mú ọ̀rọ̀ ẹnu wá lẹ́yìn ìdánwò, F ló máa gbé. Bó bá sì jẹ́ pé àìsàn náà gùn, kó kọ̀wé pé òun fẹ́ dá sáà náà dúró, kí sáà tó parí. Ẹni tó kàn pòórá ni ìwé òfin ọ̀pọ̀ yunifásítì ń kà sí ẹni tó ti fúnra rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ bíi pé gbogbo ìṣòro ni lẹ́tà lè yanjú. Àwọn kan wà tí lẹ́tà kò kọ́kọ́ kàn. Ní ọjọ́ 9 Oṣù Karùn-ún 2024, àwọn agbébọn wọ yunifásítì ìpínlẹ̀ tó wà ní Osara, ní Kogí níbí, wọ́n sì jí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé nígbà tí wọ́n ń múra ìdánwò. Lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ tó bá ní òun fẹ́ yí yunifásítì padà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó dárúkọ fọ́ọ̀mù JAMB fún un. Àwọn mìíràn á wá pẹ̀lú orí fífọ́ tàbí àìróorun sùn, ọ̀rọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì jẹ́ pé ayé ti sú wọn. Òfin Ìlera Ọpọlọ tuntun jáde ní Oṣù Kìíní 2023, ó rọ́pò òfin tó wà láti ayé òyìnbó amúnisìn. Síbẹ̀, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa ti ka ẹni tó bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ sí arúfin láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ìbẹ̀rù ọlọ́pàá yìí kò sì jẹ́ kí ọmọ lanu. Olùdámọ̀ràn kò gbọ́dọ̀ dá nìkan gbé irú ẹrù yìí. Kó má fi ọmọ náà sílẹ̀ lóun nìkan, kó bi í tààrà, kó mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà. Àṣírí kò ju ẹ̀mí lọ, kó sì ti sọ èyí fún ọmọ náà ní ìbẹ̀rẹ̀, kó má baà dà bí ẹni pé ó dalẹ̀ rẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, kó pa àṣírí mọ́, títí kan lọ́dọ̀ òbí. Ó le ní àwùjọ wa. Bàbá lè wá láti Ìsánlú pẹ̀lú iṣu ní ọwọ́, kó ní òun fẹ́ mọ bí ọmọ òun ṣe ń ṣe. Kí wọ́n kí i dáadáa, kí wọ́n fún un ní àga, kí wọ́n sì pe ọmọ náà kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún un. Iṣu náà, kó gbé e padà.

Ibi tí àṣà wa ti ń pa ọmọ lára jù ni ọ̀rọ̀ olùkọ́ tó ń fi máàkì halẹ̀ mọ́ ọmọbìnrin. Ní 2019, BBC gbé fíìmù kan jáde tó fi bí àwọn olùkọ́ ṣe ń ṣe é ní Yunifásítì Èkó àti ní Gánà hàn. Ọ̀pọ̀ olùdámọ̀ràn tí ọmọ bá mú irú ẹjọ́ yìí wá bá, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni kí wọ́n pe àwọn méjèèjì jókòó, kí àgbà parí ọ̀rọ̀ nínú yàrá. Èmi kò gbà. Àwọn tó dọ́gba ni wọ́n ń parí ìjà fún. Ẹni tó di báírò máàkì mú àti ẹni tí wọ́n fẹ́ maakì kò dọ́gba, bí ọmọ náà bá sì jókòó sí iwájú ọkùnrin yẹn, ọ̀rọ̀ tó sọ lánàá á di “mi ò sọ bẹ́ẹ̀, sà.” Kí olùdámọ̀ràn kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kó sọ fún ọmọ náà kó tọ́jú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù rẹ̀, kó sì béèrè pé kí olùkọ́ mìíràn maakì ìwé rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ẹjọ́ náà ń lọ, kì í ṣe orí àga tìmùtìmù ẹnikẹ́ni.

Ìdààmú ìkẹyìn máa ń dé nígbà tí gbogbo èèyàn rò pé ó ti parí. Ilé-ẹ̀kọ́ á fi orúkọ àwọn tó jáde ránṣẹ́ sí NYSC. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí i pé orúkọ Olúwaṣeun wà nínú ìwé WAEC ọmọ kan, Oluseun ni JAMB kọ, NIN sì gbé orúkọ bàbá sí iwájú. Ẹlòmíràn ti dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù ní ìwé kan, kò dín in ní èkejì, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ti kọjá 30 ọdún nígbà tó jáde, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n ń fún un, kì í lọ sí àgọ́. Àtúnṣe orúkọ lọ́dọ̀ JAMB ń gba àkókò, ó sì ń gba owó. Kí olùdámọ̀ràn lẹ orúkọ gbogbo àwọn tó wà ní àṣekágbá mọ́ ara ògiri bó ṣe wà lórí pọ́tàlì gan-an, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìkẹyìn wọn, kí kálukú wá wo tirẹ̀ pẹ̀lú ìwé WAEC lọ́wọ́. Ẹni tó bá rí àṣìṣe, kó wá kí orúkọ tó lọ sí Àbújá.